Púfù tí mo rà ní Ouando: fífà rẹ̀ dùn, òkú rẹ̀ ni mi ò rí ibi sin sí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin tó wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ náà, mo kí yín. Èmi kì í sábà kọ nǹkan nípa ohun tí mo bá rà, tó bá dáa màá lò ó, tí kò bá dáa màá bú ẹni tó tà á fún mi, ó parí. Ṣùgbọ́n ti púfù yìí ti há mi lọ́fun láti bí oṣù mẹ́ta, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́, ìyàwó mi ní tí mo bá tún dárúkọ bátìrì nídìí oúnjẹ òun á gbé àwo òun lọ sọ́dọ̀ màmá òun, ló bá di pé kí n wá kọ ọ́ síbí.

Kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: pọ́tábù, ìyẹn fóònù, ni mo ń tún ṣe, tábìlì mi wà lápá ọjà Ouando, l'Ájàṣẹ́ níbí, ọdún mọ́kànlá rèé. Mo sì jẹ́ ẹni tó ń mu sìgá, mi ò ní purọ́, páálí kan lóòjọ́, nígbà míì kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti ṣí ìkejì. Kí ló wá jẹ́ kí n fẹ́ fi í sílẹ̀? Kì í ṣe dókítà o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló sọ níwájú àwọn àna mi lọ́jọ́ Iléyá pé "Bàbá, ẹnu yín ń rùn bí eérú", gbogbo ilé pa lọ́lọ́, bàbá ìyàwó mi ń wo àjà. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ ra púfù.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí, sìgá oníbátìrì ni, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é làwa náà ń pè é níbí. Kì í ṣe ṣíṣà o, ṣíṣà ní èédú, eléyìí ò ní iná, ò ń fi sẹ́nu o fà á, bátìrì inú rẹ̀ á mú wáyà kékeré kan gbóná, wáyà yẹn á sọ omi tó ní nikotíìnì, oògùn inú tábà tó ń di bárakú, di èéfín, o gbé e mì, o tú u jáde. Apòògùn ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Hon Lik ló gbé irú èyí tí ayé ń fà báyìí jáde ní nǹkan bíi 2003, òun náà ń mu sìgá, kò rí i fi sílẹ̀. Tirẹ̀ ìgbà yẹn ò burú. Èyí tí mo ń sọ ni èyí tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn náà, àfàjùnù, tó bá ti tán o jù ú nù o ra òmíràn.

Bùtíìkì tí mo ti rà á ò jìnnà sí tábìlì mi. Lọ́fíńdà ni wọ́n ń tà, àti ìpara, àpò pọ́tábù, ṣájà, wọ́n wá to púfù sínú gíláàsì bíi súwíìtì, pupa, bulu, àwọ̀ ewé, ọmọdé tó bá ń kọjá lọ á dúró wò ó. Mi ò ní dárúkọ bùtíìkì náà torí ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ yá mọ́ èèyàn, ó fún mi ní àga, ó ṣàlàyé. Mi ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe púfù náà, torí bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn, tí mo bá dárúkọ ẹyọ kan ẹ máa lọ ra ti èkejì, ẹ máa rò pé ẹ ti bọ́.

5000 fráǹkì ló pè é, a ná an títí, 4500 la fi fẹnu kò. Adùn máńgòrò ni mo mú. Wọ́n kọ 600 sára páálí rẹ̀, pé èèyàn á fà á nígbà 600 kó tó tán (ta ló fẹ́ máa kà á?), omi inú rẹ̀ 2 ml, nikotíìnì 5%. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi 5% yẹn. Lọ́dọ̀ àwọn Yúróòpù, òfin wọn ò jẹ́ kí ó kọjá 20 mg nínú 1 ml, ìyẹn 2% nìyẹn. Èyí tí wọ́n tà fún èmi lápá Ouando ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi, èmi fúnra mi ni mo gbé dígí ojú mi tí mo fi ń tún bọ́ọ̀dù ṣe kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí.

Ó dáa, fífà rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ó dùn. Máńgòrò yẹn jọ máńgòrò lóòótọ́, kì í ṣe bíi máńgòrò inú ọṣẹ. Kò sí eérú, kò sí pé ò ń wá ìṣáná kiri, ẹnu ò rùn, ọmọ mi padà ń jókòó lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀fun mi kọ́kọ́ gbẹ bíi ti ẹni tó jẹ gàrí gbígbẹ, mo ń mu omi ṣáá, ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ márùn-ún kọjá mi ò ra sìgá. Fún ìyẹn mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo yọ ọ̀kan torí ó rọrùn jù, sìgá tó o bá tan á jó tán á sì ní o tó, púfù ò ní òpin, ọwọ́ mi ń lọ síbẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kódà nígbà tí mo ń da oníbàárà lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ò mu sìgá rí, ẹ má tìtorí mi lọ bẹ̀rẹ̀ o, nikotíìnì náà ni, aṣọ ló pààrọ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni iná bulu tó wà nídìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo fà á, kò sí nǹkan kan, òórùn òwú tó jóná ni mo gbọ́. Ó ti kú nìyẹn. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí fún ẹlòmíì rèé, ẹlòmíì á sọ ọ́ sínú gọ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ àwa tó ń tún nǹkan ṣe, a ò lè rí nǹkan tó ní ìdérí ká má ṣí i.

Mo ṣí i. (Ẹ má ṣe é nílé o. Omi nikotíìnì yẹn májèlé ni, ó ń gba ara wọlé, mo wọ ìbọ̀wọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án, tẹ́ ẹ bá sì fi nǹkan gún bátìrì yẹn ẹ ti dáná nìyẹn.) Ike ni wọ́n fi bò ó. Nínú rẹ̀, òwú kan tó mu omi yó, wáyà tó ń gbóná wà láàárín òwú, nǹkan pẹlẹbẹ róbótó kan tó ń mọ̀ pé o ti ń fà á, ìyẹn ló ń tan iná. Lẹ́yìn náà, bátìrì. Ẹ̀yin ará, nígbà tí mo rí bátìrì yẹn mo dìde lórí àga. Líthíọ́ọ̀mù ni, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gbangba, 3.7 volt, 550 mAh (mAh ni iye iná tí bátìrì lè gbà sínú). Irú èyí tó ń gba ṣájì. Mo fi tẹ́sítà wọ̀n ọ́n, 3.3. Kò kú rárá! Ebi ló ń pa á. Wọn ò kàn ṣe ihò ṣájà sí i ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀ ṣàlàyé. Pọ́tábù Nokia onítẹ̀ ìjọ́un, èyí tí bàbá àgbà yín ṣì ń lò ní abúlé, bátìrì rẹ̀ tó ń jẹ́ BL-5C, 1020 mAh ni. Ọdún mélòó ni BL-5C fi ń sìn yín? Mo mọ àwọn tó lo ẹyọ kan fún ọdún mẹ́fà. Púfù kan ní ju ìdajì rẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́rin péré la fi lò ó, wọ́n sì ní ká jù ú nù. Èmi tí mo ń fi owó ra bátìrì lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti Èkó, mo jókòó, mo ń wo ẹ̀rọ tó pé, tó ní làákàyè, tó mọ ìgbà tí mo ń mí sínú, tí ẹnì kan jókòó ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n kó lè di pàǹtírí lọ́jọ́ kẹrin.

Mo wá gbé páálí rẹ̀ wò, mo rí àwòrán agbọ̀n pàǹtírí ẹlẹ́sẹ̀ táyà tí wọ́n fi ìlà méjì gé lórí. Mo mọ àwòrán yẹn, ó máa ń wà lára ṣájà pọ́tábù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o ò gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ pàǹtírí ilé. Àwọn Yúróòpù ló ni òfin yẹn, láti 2002 ni wọ́n ti ń bá a bọ̀, lọ́dọ̀ wọn ẹni tó ta nǹkan oníná fún ọ ní láti rí ibi tó o máa dá a padà sí, ẹni tó ṣe é ló sì ń san owó kíkó rẹ̀. Ó dáa. Àwòrán yẹn dé Àjàṣẹ́. Agbọ̀n kejì, èyí tó yẹ kí n wá jù ú sí, òun ni kò bá a dé.

Ni mo bá mú un padà lọ sí bùtíìkì.

Ọmọkùnrin yẹn ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe é, ṣé kò yọ èéfín ni?"

Mo ní ó ti tán, mo wá dá a padà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jù ú nù, ẹ̀gbọ́n. Mo ní adùn ọ̀pẹ̀yìnbó báyìí."

"Kí n jù ú síbo?"

"Ibi tẹ́ ẹ máa ń ju nǹkan sí náà."

Mo fi àwòrán yẹn hàn án. Ó wò ó, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní òun rò pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kéèyàn má fà á nítòsí ibi tí ìdọ̀tí wà. Mi ò bá a jà, báwo ló ṣe máa mọ̀? Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Àlájà tó ni bùtíìkì jáde sí wa, ó ti gbọ́ ohùn mi láti ẹ̀yìn. Mo kí i, mo ṣàlàyé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Àlájà, ẹ̀yin lẹ tà á, ẹ bá mi gbà á padà, kẹ́ ẹ fún ẹni tó kó o fún yín." Àlájà wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n gba ìtẹ́dìí ọmọ mi mọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo ṣe é? Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni kó wá pọ̀n ọ́n."

Mo ní, "Àlájà, ọ̀rọ̀ tí mo bá wá gan-an lẹ sọ yẹn."

Níwájú bùtíìkì wọn, wọ́n ń ta súkírèrì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kéèsì ìgò òfo mẹ́ta wà níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, mo ní ìgò wọ̀nyẹn ńkọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ ò jù wọ́n nù? Àlájà ní ṣé orí mi pé, kọ́ńsíìnì wà lórí wọn, owó ìgò téèyàn ń gbà padà tó bá dá ìgò padà, tí òun ò bá rí ìgò òfo kó sílẹ̀ mọ́tò ò ní gbé èyí tó kún fún òun. Mo dákẹ́. Àlájà náà dákẹ́. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ìyẹn, mọ́tò ilé-iṣẹ́ ló ń wá kó o. Ta ló ń wá kó púfù?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ta ló ń wá kó púfù?

Torí ẹ wò ó, àwa níbí kì í ṣe ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan padà. Ìgò bíà, ìgò súkírèrì, ìgò gáàsì, a ò kì í jù wọ́n nù, ọmọdé tí wọ́n bá rán níṣẹ́ mọ̀ pé tí ìgò bá fọ́ lọ́nà, ìyá òun á na òun torí owó ni. Kò sí òyìnbó tó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ń pọn bíà fẹ́ ìgò rẹ̀ padà, ó so owó mọ́ ọn lọ́rùn, gbogbo wa ló ń bá a ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣe púfù ò fẹ́ nǹkan kan padà. Ó ti gba owó rẹ̀ ní Shenzhen, ibẹ̀ ni púpọ̀ jù nínú wọn ti ń wá, ó ti ṣíwájú. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, ti púfù yàtọ̀, Shenzhen ló da eérú, Àjàṣẹ́ ni eérú ń fẹ́ wá bá.

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé Ṣáínà fúnra wọn ti kọ̀ ọ́? Láti oṣù kẹwàá 2022 wọn ò gbà kí wọ́n ta aládùn èso fún ọmọ ìlú wọn mọ́, adùn tábà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣe é kó lọ sílẹ̀ òkèèrè. Máńgòrò mi yẹn, ẹni tó ṣe é ò lè tà á fún aládùúgbò rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà, koodu kan wà téèyàn ń họ kó tó yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú pọ́tábù. Mo ṣe é, inú mi dùn, mo rò pé ibẹ̀ ni màá ti rí ibi tí wọ́n ń dá a padà sí. Ohun tó jáde ni pé ọjà mi kì í ṣe ayédèrú, ẹ ṣé tẹ́ ẹ yàn wá. Mo kọ̀wé sí àdírẹ́sì tó wà nísàlẹ̀, mo kọ ọ́ ní Faransé, mo fi pọ́tábù tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí wọ́n tó dáhùn, ìlà méjì, pé kí n bi ẹni tó ń kó ọjà àwọn wọ̀lú mi. Mo padà bi Àlájà ta ló ń kó o fún wọn, wọ́n ní ọmọkùnrin kan lórí ọ̀kadà ló ń gbé e wá, wọn ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Ní báyìí ẹ lè máa sọ pé kí ni gbogbo ariwo yìí, bátìrì kékeré tí kò ju ìka lọ. Èmi náà ò bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan, lágbolé wa, wọ́n ń sun pàǹtírí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tó bá ti pọ̀ jù. Ewé, ọ̀rá, páálí. Mo wà nídìí kànga, mo gbọ́ "gbàù!", nǹkan kan fò jáde látinú iná ó bọ́ sí ẹsẹ̀ aṣọ ìyá kan tó ń fọ àwo, aṣọ náà lu. A da yanrìn lé nǹkan yẹn, ó ṣì ń ru èéfín lábẹ́ yanrìn, òórùn rẹ̀ wọ imú wa bí ata oníkẹ́míkà. Ọmọ méjì ló ń ṣeré nítòsí, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Nígbà tó tutù mo fi igi wú u jáde, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe tèmi, tèmi ṣì wà lórí tábìlì mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní yàrá iwájú ló fà á tó sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Mo bá a wí ṣá, ṣùgbọ́n kí ni màá ní kó ṣe? Kó gbé e lọ síbo? Bí iná bá tiẹ̀ kọ̀, tí mọ́tò pàǹtírí bá tẹ̀ ẹ́ wó, àwọn nǹkan tó yẹ kó ya ara wọn nínú rẹ̀ á kanra, á gbóná, á gbiná fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀rá àti páálí.

Àwọn tó lówó jù wá náà ti rí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan tó ń jẹ́ Material Focus kà á ní 2023, wọ́n ní mílíọ̀nù 5 irú púfù yìí làwọn èèyàn ibẹ̀ ń jù nù lọ́sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ kan! Líthíọ́ọ̀mù inú ẹyọ kan ò ju 0.15 giráàmù lọ, èèyàn ò lè fi í ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò mílíọ̀nù 5 yẹn fún ọdún kan, wọ́n ní á tó ṣe bátìrì mọ́tò oníná 5000. Bẹljíọ́ọ̀mù fòfin de títa àfàjùnù láti ọjọ́ kìíní 2025, Faransé tẹ̀ lé e ní oṣù kejì ọdún yẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹfà. Mo yọ̀ fún wọn. Mo sì ń ronú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń rí ibi tí firíìjì àlòkù àti kọ̀ǹpútà àlòkù wọn ń já sí, pé èyí tí ọjà rẹ̀ ti kú níbẹ̀, níbo ni ẹni tó ń ṣe é máa wá ojú gbà á sí?

Àdéhùn kan wà tí wọ́n ṣe ní Bamako ní 1991, àwọn ìjọba Áfíríkà fúnra wọn, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó pàǹtírí olóró wọ ilẹ̀ wa. Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n púfù tuntun kì í ṣe pàǹtírí lójú òfin, ọjà ni, ó ní páálí, ó ní adùn máńgòrò. Á wọlé lọ́nà tó tọ́, á san owó kọ́sítọ́ọ̀mù (tó bá san án), ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà á wá di pàǹtírí olóró nínú yàrá wa. Kò sẹ́ni tó rú òfin.

Ibi tí mo ti rí nǹkan tó wọ̀ mí lọ́kàn rèé. Ọkùnrin ará Swídìn kan, Thomas Lindhqvist, láti 1990 ló ti ń sọ ọ́ fún ìjọba wọn pé ẹni tó bá ṣe nǹkan ni kí ẹ fi òkú nǹkan náà sí lọ́rùn, kì í ṣe títà rẹ̀ nìkan. Mo kọ́kọ́ rò pé nítorí owó ìkópàǹtírí ni. Rárá o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jìn jùyẹn lọ. Ó ní tí ẹni tó ṣe é bá mọ̀ pé òun lòun máa sin ín, ọ̀nà tó máa gbà bí i á yàtọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún nǹkan ṣe ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Tí ọ̀gá Shenzhen bá mọ̀ pé gbogbo púfù mílíọ̀nù kan tó kó jáde máa padà wá bá a, pé òun lá sanwó ẹni tó máa jókòó yọ bátìrì kúrò lára òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé á ṣì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa? Á fi ìdè tó ṣeé tú sí i! Á ṣe ihò ṣájà sí i, ihò yẹn ò tó ọgọ́rùn-ún fráǹkì, mo mọ iye tí mo ń rà á. Àwọn Yúróòpù tiẹ̀ ti dá ọjọ́ sí i, láti oṣù kejì 2027 bátìrì inú nǹkan kéékèèké gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó rà á lè yọ fúnra rẹ̀.

Ẹnì kan máa sọ pé ìyẹn Yúróòpù, ilé-iṣẹ́ tí kò ní ọ́fíìsì ní Bẹ̀nẹ̀ báwo lẹ ṣe máa mú un? Ẹ ò ní láti mú un. Nínú òfin irú èyí, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó o wọ̀lú ló dúró fún ẹni tó ṣe é, òun lẹ máa dì mú, òun náà á lọ di ẹni tó ṣe é mú. Gánà ti ní òfin lórí pàǹtírí oníná láti 2016, owó kan wà tí ẹni tó ń kó nǹkan oníná wọlé ní láti san. Nàìjíríà, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, láti 2018 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe nǹkan oníná àti àwọn tó ń kó o wọlé, EPRON, pé kí wọ́n jọ máa sanwó kíkó àlòkù rẹ̀. Àwa náà, ní 2017 a ṣe òfin lórí ọ̀rá tí kì í jẹrà, ọdún yẹn náà la ṣe òfin lórí tábà. Tá a bá lè bá ìyá aláàkàrà ṣe òfin lórí ọ̀rá, kí ló ṣẹlẹ̀ tá ò lè bá ẹni tó ń kó kọ̀ǹtínà púfù wọ pọ́ọ̀tù Kutọnu ṣe tirẹ̀?

Tèmi, kọ́ńsíìnì ni. 500 fráǹkì lórí ẹyọ kan, o san án nígbà tó o ń rà á, o gbà á padà nígbà tó o bá mú òkú rẹ̀ wá, Àlájà gbà á sínú agolo oníyanrìn, ẹni tó kó o fún Àlájà gbà á lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni í. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣòwò ní Ìgòlò rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ìwọ yìí, o ò gbọ́n. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, èmi fúnra mi á lọ ṣa gbogbo òkú púfù tó wà l'Ékòó, màá fi mọ́tò kó o gba ẹ̀yìnkùlé wá, ẹ ó san 500 lórí ìkọ̀ọ̀kan." Òótọ́ ni! Àwa tá a ń fi kẹ̀kẹ́ gbé epo kpayo, epo mọ́tò tí wọ́n ń kó gba ẹ̀yìnkùlé wá láti Nàìjíríà, ṣé púfù òfo la ò ní lè gbé? Á jẹ́ pé wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ èyí tó bá gba ọ̀nà tó tọ́ wọlé, èyí tí kò bá ní in kò gbówó. Mo gbà pé ó ní wàhálà nínú. Owó rẹ̀ á sì gun òkè, ọmọ ilé-ìwé tó ń dá owó jọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì láti rà á lè má rí i rà mọ́. Ìyẹn gan-an dùn mọ́ mi.

Wọ́n tún sọ fún mi pé èmi tí mo fà á ni mo jẹ̀bi. Mo gba ti ara mi. Ṣùgbọ́n mo mu bíà, mi ò gbẹ́ kòtò sin ìgò rí.

Ní ti bùtíìkì, mo fún wọn ní mẹ́ta, wọn ò ṣẹ̀ mí, wọ́n kàn ń tà fún ọmọdé jù, mo fi ojú mi rí ọmọ tó wọ kàkí ilé-ìwé tó rà á, mo bá ọmọkùnrin yẹn sọ ọ́, ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán an. Ní ti púfù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ikú, òdo, tí nǹkan kan bá wà nísàlẹ̀ òdo ẹ kọ ìyẹn. Èmi ti pa á tì, mo ti ra èyí tó ní ihò ṣájà tí wọ́n ń rọ omi sí, 12000 fráǹkì, ó ti tó oṣù méjì àbọ̀, bátìrì kan náà. Kò dùn tó máńgòrò yẹn. Mo ń gbìyànjú láti fi òun náà sílẹ̀, ẹ bá mi ṣàdúrà.

Àwọn òkú yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́, mo fi wọ́n sínú agolo mílíìkì tí mo rọ yanrìn sí, lábẹ́ tábìlì. Bátìrì mẹ́rin tó ṣì le nínú wọn, mo so ìkọ̀ọ̀kan mọ́ bọ́ọ̀dù kékeré TP4056, àwọn oníṣẹ́ bíi tèmi mọ̀ ọ́n, ó ń gba ṣájì kì í jẹ́ kó kọjá ààlà, mo fi ṣe iná kékeré fún màmá mi ní Kétu, wọ́n fi ń lọ ẹ̀yìnkùlé lóru. Ìyókù, mi ò mọ ohun tí màá fi ṣe. Mo ṣe àṣìṣe kan, mo fún ọmọ aládùúgbò kan ní 50 fráǹkì nítorí pé ó mú ọ̀kan wá fún mi dípò kó fi ṣeré. Àná, mo ń tún pọ́tábù oníbàárà ṣe lọ́wọ́, ọmọ mẹ́ta tí mi ò mọ̀ rí dúró níwájú tábìlì mi pẹ̀lú ọ̀rá dúdú, wọ́n tú u sílẹ̀, púfù mọ́kàndínlógún, èyí tó kéré jù nínú wọn ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ̀ ń rà á."